Igi Ọsàn Lórí Ilẹ̀ Onílẹ̀

Bí ọkọ mi bá ń súfèé láàárọ̀, àyà mi máa ń já. Ó ti ṣe nǹkan tí kò fi lọ̀ mí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló súfèé lọ́jọ́ tó ní ká fi ilé tá a rẹ́ǹtì n'Ífẹ̀, lẹ́bàá yunifásítì, sílẹ̀, ká kó lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìpetumodù, ká lọ máa dáko. Mo bínú, mo sunkún, mo sì di ẹrù.

Ọ̀rẹ́ bàbá ọkọ mi ló fún wa nílẹ̀. Bàbá arúgbó ni, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Lọ́jọ́ tá a dé, ó gbàdúrà lé wa lórí, ó ní ká kọ́ yàrá méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, ká máa gbin ohun tá a fẹ́ jẹ. "Ilé lẹ wá yìí o," ó wí bẹ́ẹ̀, mo sì gbà á gbọ́. Gbogbo ohun tá a ní la fi kọ́ yàrá náà. A ò ní ibòmíì tá a lè padà sí.

Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dára. Àgbàdo yọ, tẹ̀tẹ̀ rú, adìẹ ń yé. Èmi tí mo ti ń bínú wá ń bá ẹ̀fọ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tórí rẹ̀ dà rú. Ni ọkọ mi bá tún súfèé. Ó ra ọsàn tó ti hù nínú ọ̀rá, ó gbìn wọ́n yí ilé ká, ó ní àwọn ọmọ-ọmọ wa yóò máa ká a jẹ. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní kó jẹ́ kí àkọ́bí wa kọ́kọ́ jáde ìwé mẹ́wàá ná.

Láàárọ̀ ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo ṣílẹ̀kùn, mo rí màrìwò. Wọ́n so ó mọ́ igi ọsàn kọ̀ọ̀kan, wọ́n so ó mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú. Mo ti rí ààlè nígboro rí, lára ilé tí ẹbí ń jà lé lórí, ṣùgbọ́n mi ò rò ó rí pé wọ́n lè pa á sẹ́nu ọ̀nà tèmi. Mo ké. Àwọn ọmọ tú jáde, mo tì wọ́n padà sínú ilé kí wọ́n má baà fọwọ́ kàn án.

Kí omi tí mo gbé kaná tó hó, bàbá onílẹ̀ ti dé pẹ̀lú àwọn ọkùnrin ẹbí rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló gbin ọsàn?"

"Èmi ni, bàbá," ọkọ mi dáhùn lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni mo ṣe?"

"Ẹ gbin àgbàdo, a ò sọ̀rọ̀. Ẹ gbin ẹ̀gẹ́, a bá yín jẹ ńbẹ̀. Igi tí yóò pẹ́ jù mí lọ lo wá gbìn sórí ilẹ̀ mi yìí. Bí mo bá kú tán, tí wọ́n bá ń bèèrè ẹni tó nilẹ̀, igi yẹn ni yóò jẹ́rìí fún ọ."

Háà! Ọsàn lásán-làsàn? Ọkọ mi fẹ́ ṣàlàyé, àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà dá a lẹ́nu dúró: bá ò bá tu igi, ká máa kẹ́rù wa.

Ọwọ́ ara wa la fi tu ú. Bàbá fúnra rẹ̀ tú màrìwò, ọkọ mi ń fa igi lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń kó wọn jọ.

Bá a ṣe parí, bàbá jókòó lórí àga wa, ẹ̀rín ti padà sẹ́nu rẹ̀. "Ìyàwó wa, kí lo ní nílé? Ebi ń pa mí." Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Ó tún ń gbàdúrà pé ilẹ̀ náà á gbè wá. Mo wò ó títí bóyá ẹ̀tàn ni. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Ó fẹ́ràn wa lóòótọ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù ju màrìwò lọ.

Mo se iṣu, mo kúnlẹ̀ gbé e fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ó dùn. Àkọ́bí wa fara ti ògiri, ó ń wò wá.

"Màmá, àwa la nilé yìí, àbí?"

Kí n tó lanu, bàbá ti fi ọwọ́ pa á lórí, tìfẹ́tìfẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ ń gbé inú ẹ̀, ọmọ mi."