Ilẹ̀kùn Tí Mo Rà fún Màámi

Kò sí ọlọ́kadà tó mọ owó ná tó mi ní gbogbo Ọ̀wọ̀. Ẹ lọ béèrè ní ìkóríta tó kọjú sí géètì Pólì. Ọmọ Pólì tó bá fẹ́ gun ọ̀kadà kí wọ́n sì wò ó, èmi ló máa pè. Bàtà mi funfun, nínú eruku yẹn náà ó máa ń funfun. Mo ní awò ojú mẹ́ta, mo ní fóònù tó ń ya fọ́tò nínú òkùnkùn, iná búlúù sì wà lábẹ́ ọ̀kadà mi. Ọdún kan péré ló kù kí n parí sẹ́kọ́ńdírì tí mo fi jáde, torí mi ò ní sùúrù kí ẹnì kan máa kọ nǹkan sójú pátákó kí èmi náà máa dà á kọ. Mo ní kí n lọ wá owó. Mo sì rí i.

Àmọ́ ó ti rẹ̀ mí. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ìdí ń ro mí, epo bẹtiróòlù sì ti wọ́n débi pé ká tó jẹun, a ní láti kọ́kọ́ bọ́ ọ̀kadà. Gbogbo nǹkan tí mo ń rà yìí, ìdùnnú wọn kì í pẹ́. Ti bàtà funfun ò ju ọjọ́ méjì lọ. Ti awò ojú, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo rà á ló ti sú mi. Fóònù ló pẹ́ díẹ̀, ó tó ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ó di fóònù lásán tí wọ́n fi ń pè mí pé kí n wá gbé àwọn. Bí mo bá ti ra nǹkan, ó máa ń dà bíi pé òun ni mo ti ń wá látọjọ́ yìí. Tó bá di ọjọ́ kẹta, màá tún wà lórí ọ̀kadà, màá tún máa wo nǹkan ẹlòmíì.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí ilẹ̀kùn yẹn. Mo gbé obìnrin kan láti ọsibítù ńlá lọ sí ilé tuntun kan. Ilẹ̀kùn ilé náà, irin ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ̀kúrítì. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ góòlù, orí kìnnìún wà lára ẹ̀, ihò kékeré kan sì wà níbi tí ẹni tó wà nínú ilé lè gbà yọjú wo ẹni tó wà níta. Obìnrin yẹn wọlé, ó fà á, ilẹ̀kùn náà dún "kọ̀ọ̀", ó ti ara ẹ̀ pa. Ohùn yẹn wọ̀ mí lára. Mo dúró síbẹ̀, mi ò tíì yí ọ̀kadà padà. Mo ní èyí lèmi náà máa rà.

Ilé tí mo máa gbé e sí ni mi ò ní. Yàrá kan ni mo háyà. Ni mo bá rántí ilé Màámi ní Ìjàgbà.

Ilé amọ̀ ni, bàbá mi ló kọ́ ọ kó tó kú. Ilẹ̀kùn tó wà níbẹ̀, pákó ìrókò ni, òun náà ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ kàn án. Láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn kì í tì í. Ẹ̀bá ọ̀nà oko ni ilé náà wà, ìkòkò omi sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ń bọ̀ lóko kì í kágò. Á wọlé, á bu omi mu, á fi nǹkan sílẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì, olú, ata ẹ̀kún ọwọ́. Nígbà míì Màámi ò ní rí ẹni náà rárá, nǹkan tó bá bá nílẹ̀ ló fi máa mọ̀ pé lágbájá ti kọjá.

Mo fẹ́ kí inú Màámi dùn. Mo sì fẹ́ kí ará Ìjàgbà rí i pé èmi ni mo mú kó dùn. Méjèèjì ni.

Ọjọ́ tí mo kó àjọ ni mo rà á. Ẹnì kan tí a jọ ń gbérò ní ìkóríta bá mi dé ṣọ́ọ̀bù. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí.

"Alága, ilẹ̀kùn rèé. Ilé dà?"

"Ti Màámi ni."

"Ilé amọ̀ yẹn? O fẹ́ wọ bàtà ìgbéyàwó fún ẹni tó ń lọ sóko."

"Ṣé owó ẹ ni?"

"Owó mi kọ́. Ẹ̀rín mi ni mò ń rín."

Mo háyà píkọ́ọ̀pù. Mo ní kí wọ́n má bo ilẹ̀kùn náà o, kí wọ́n jẹ́ kí oòrùn máa kàn án. Èmi wà níwájú lórí ọ̀kadà, mò ń tẹ họ́ọ̀nù láti Ọ̀wọ̀ títí a fi kọjá Ìfọ̀n, bí ẹni tó ń sìn gómìnà. Àwọn tó ń ta iṣu létí títì ń dìde wò wá. Kí n má parọ́, inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Bóyá òun ló dùn jù nínú ayé mi. Gbogbo ẹ̀ ò ju bí ọ̀nà yẹn ṣe gùn tó lọ.

Bíríkìlà tó wà ní Ìjàgbà fi ìka kan ògiri, iyẹ̀pẹ̀ ń dà sílẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ògiri yìí ò lè gbé e o. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀mẹta, ilé á bá ilẹ̀kùn lọ."

"Kí la máa wá ṣe?"

"Ká mọ òpó sìmẹ́ǹtì sọ́tùn-ún sósì."

"Mọ ọ́n." Mo lọ ra sìmẹ́ǹtì.

Nígbà tó parí, ilé náà dà bí arúgbó tí gbogbo eyín ẹ̀ ti ká, tí wọ́n wá fi eyín góòlù kan ṣoṣo sí i lẹ́nu. Ìsinsìnyí ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, lójú mi, ilé ọba ni. Mo ní kí wọ́n fi pákó ìrókò yẹn dáná, àmọ́ nígbà tí Màámi dé, kò gbà. Ó ní kí a gbé e lé búlọ́ọ̀kù méjì lábẹ́ igi máńgòrò.

Ẹ ò rí i bó ṣe ti oko dé, tó gbé gbágùúdá lérí. Ó dúró.

"Ulé mi rèé?" Bí a ṣe ń pe ilé lédè wa nìyẹn.

"Ilé yín ni, Màámi."

"Ta ló wà nínú ẹ̀?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó jó díẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ọkọ mi, bí o ṣe fún mi nílẹ̀kùn yìí, Ọlọ́run á ṣílẹ̀kùn fún ẹ." Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Mo ní kó má fi í sílẹ̀ gbayawu, bó bá ti fà á, ó ti tì í nìyẹn. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ kan, ó so ó mọ́ etí aṣọ. Àwọn tó kù, mo kó wọn lọ sí Ọ̀wọ̀. Ṣé èmi kọ́ ni ọ̀gá ni?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo ṣe nǹkan tí mò ń fi ẹnu ara mi sọ yìí. Bàbá àgbà kan wà tí oko ẹ̀ àti ti bàbá mi pààlà. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ó ń ti oko bọ̀, amọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, àdá wà lábẹ́ abíyá ẹ̀. Ó na ọwọ́ láti ti ilẹ̀kùn wọlé, bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré mi.

"Bàbá! Ẹ rọra o!" Mo pariwo. "Àdá yẹn á họ ọ́. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ṣì wà lára ẹ̀!"

Ó fa ọwọ́ padà. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò. "Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, mo ti gbọ́."

Mo ní kó dúró kí n ṣí i fún un. Ó ní òùngbẹ ò gbẹ òun tó bẹ́ẹ̀. Ó lọ. Mi ò ro nǹkan kan sí i. Mo fi ọwọ́ tún ọ̀rá ibẹ̀ ṣe.

Nígbà tí mo padà wálé lẹ́yìn bí oṣù kan, Màámi nìkan ló jókòó sórí pákó abẹ́ máńgòrò, tó kọjú sí ọ̀nà oko. Mo wọlé kí n mu omi. Omi kún ìkòkò dé ẹnu, eruku sì léfòó lórí ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló máa ń pọnmi sí i.

"Màámi, kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílé?"

"Ta ló máa mú un wá?"

"Àwọn èèyàn yín ńkọ́?"

"Wọ́n ní àwọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn irin."

"Ìlara ni."

"Bóyá," ló wí. Kò bá mi jiyàn. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Inú bí mi dé Ọ̀wọ̀. Èmi ra nǹkan, wọ́n ń bínú sí nǹkan. Mo tún ra awò ojú kẹrin.

Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Mo gbé èrò, fóònù dún. Ohùn bàbá yẹn ni.

"Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, wá ṣílẹ̀kùn fún ìyá ẹ."

Màámi jáde kó gbágùúdá tó sá, torí òjò ṣú. Kọ́kọ́rọ́ wà létí aṣọ tó bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Atẹ́gùn fẹ́, ilẹ̀kùn dún "kọ̀ọ̀", ó ti ara ẹ̀. Òjò dé. Mo sọ èrò mi kalẹ̀, mo kọrí sí Ìjàgbà nínú òjò yẹn, bàtà funfun di amọ̀, mi ò ráyè wò ó. Mo bá a nínú ilé ìdáná tí òrùlé ẹ̀ ń jò, ó ká gúlútú, eyín ẹ̀ ń gbá ara wọn. Bàbá yẹn dúró tì í, ó mú àdá lọ́wọ́.

"Mo ní kí n fi yí i, kó lè wọlé," ó wí. "Ó ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Ẹ má họ ọ́," Màámi ń wí, ó ń gbọ̀n. "Òógùn ọmọ mi ni."

Ọ̀rọ̀ tèmi gan-an ló bọ́ sí i lẹ́nu yẹn. Mo ṣílẹ̀kùn. Mi ò lè wo ojú bàbá yẹn.

Ibà mú Màámi fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo dúró tì í. Èmi tí mi ò lè jókòó lójú kan, mo jókòó. Inú ilé ṣú bíi kọ̀ǹga, torí ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wíńdò tí bàbá mi fi sí ilé yẹn. Kó tó di pé ó sú mi pátápátá, mo lọ yọjú lójú ihò kékeré tí mo ti fi ń yangàn. Mo rí ọ̀nà oko. Àwọn èèyàn ń bọ̀. Wọ́n á dé iwájú ilé wa, wọ́n á dẹ ẹsẹ̀, wọ́n á wo ilẹ̀kùn, wọ́n á kọjá. Ọ̀kan gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání. Ó kọjá. Bàbá yẹn náà dé, ó wo ọwọ́ ara ẹ̀ méjèèjì, ó kọjá.

Mo padà sídìí bẹ́ẹ̀dì.

"Màámi, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé inú yín dùn sí ilẹ̀kùn yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ gba ẹ̀rín náà lẹ́nu ẹ̀. "Inú mi dùn sí ẹ. Ilẹ̀kùn ni mi ò mọ ohun tí mo lè bá a sọ."

Mo sáré tẹ̀lé bàbá yẹn. Mo bá a nídìí àgbá omi lẹ́yìn ilé ẹ̀, ó ń fọ ẹsẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò jíǹsì mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Dìde, amọ̀ á ba aṣọ olówó jẹ́."

"Ẹ má bínú sí mi."

"Mi ò bínú. Òùngbẹ ń gbẹ mí, àmọ́ mi ò fẹ́ họ nǹkan ọlọ́nǹkan."

"Kí ni kí n ṣe?"

Ó fọ ẹsẹ̀ kejì kó tó dáhùn. "Ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ mi, èmi ni mo bá a di pákó ẹ̀ mú nígbà tó ń kàn án. Bí mo bá rí i níbẹ̀, mo mọ bí mo ṣe ń tì í wọlé."

Ohun tó gbé bíríkìlà wá sílé wa láàárọ̀ yìí nìyẹn. Ó ń fọ́ òpó sìmẹ́ǹtì tí mo fi owó mi ra. Ó ti gbé ilẹ̀kùn irin fara ti ògiri, ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀. Mo pe ẹni tí a jọ ń gbérò pé kó bá mi wá píkọ́ọ̀pù. Ó ní, "Ilẹ̀kùn ti ń bọ̀ láti ìrìn àjò?" Mo ní kí wọ́n mú tàpólì dání, lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ bò ó. Mi ò ní tẹ họ́ọ̀nù. Yàrá mi ni màá gbé e lọ, á fara ti ògiri níbẹ̀. Mo ní ilẹ̀kùn, mi ò ní ilé.

Mi ò mọ̀ bóyá inú mi máa dùn tí wọ́n bá parí ẹ̀. Ó rẹ̀ mí ju kí n mọ̀ lọ. Màámi ti da omi àná nù, ó gbé garawa, ó ń lọ pọn tuntun. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a pọn ọ́n, ó ní rárá, kí n dúró ti bíríkìlà. Abẹ́ máńgòrò ni mo wà, tí mò ń tẹ gbogbo eléyìí sórí fóònù. Bíríkìlà ti ń pariwo: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dìde jàre! Ilẹ̀kùn tí a fẹ́ gbé lẹ jókòó lé!"

Mo ní láti máa lọ báyìí.