Bátìrì Tí Mátírọ́ọ̀nù Sá Sóòrùn

Ẹni tó bá gbé aago wá fún Kúlísúmù, ọmọ Jìbírílù, kò ní tètè rí ojú rẹ̀. Aago ni yóò kọ́kọ́ gbà, yóò gbé e sétí, yóò sì dijú. Bí o bá ń rojọ́ lọ́wọ́, á ní kí o dákẹ́ ná. Ó máa ń bí àwọn kan nínú. Ní tèmi tí mo ń ta oògùn òyìnbó ní ṣọ́ọ̀bù tó kàn án láàárín ìlú Ọ̀wọ̀, ẹ̀rín ló ń pa mí, nítorí bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe náà nìyẹn.

Láti ìgbà tó ti jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì ló ti ń jókòó ti bàbá rẹ̀ nídìí iṣẹ́ aago àti rédíò. Nígbà tí Jìbírílù kú nínú ọyẹ́ ọdún 1997, a rò pé ọmọ ni yóò jogún tábìlì. Àmọ́ Bàbá Hàmídù, ẹ̀gbọ́n olóògbé tó jẹ́ olórí ẹbí, ní òun kò rí obìnrin tó ń tún aago ṣe rí, ta ni yóò gbé nǹkan rẹ̀ fún un? Ó ní bí oníbàárà kò bá wọlé kó tó di Iléyá, kí ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò, òun yóò fi ṣọ́ọ̀bù náà fún oníṣìmẹ́ńtì kan. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o! Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí ó bá fẹ́ kan ìṣó, ìka ara rẹ̀ ló máa ń lù.

Oníbàárà kò sì wọlé. Àwọn tó ti gbé aago sílẹ̀ pàápàá ń wá kó o lọ láìtíì ṣe. Kúlísúmù kò sunkún. Ó ń nu tábìlì rẹ̀ lójoojúmọ́.

Iléyá ku díẹ̀ nígbà tí Mátírọ́ọ̀nù Theresa wọlé. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó gbé fóònù kan dání, irú èyí tí kò ní okùn, tó ní ìjókòó tirẹ̀ níbi tí iná ti ń wọ̀ ọ́ lára. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Ambrose, kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà tí itan rẹ̀ ti kán. Bí ìyàwó bá lọ sóko ní Arímògìjà, fóònù yìí nìkan ni bàbá lè fi ké sí ènìyàn. Bátìrì inú rẹ̀ ló wá gbó. Bí wọ́n bá gbé e kúrò lórí ìjókòó báyìí, ó kú nìyẹn.

Mátírọ́ọ̀nù wá ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe fún bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Ó yọ ọ́, ó sá a sórí páànù ilé ìdáná. Ta ni kò sá bátìrì sóòrùn rí nílẹ̀ yìí? Ti tọ́ọ̀ṣì máa ń jí díẹ̀. Èyí wú ni, ó sì ń yọ nǹkan funfun bí iyọ̀.

Bàbá Hàmídù àti oníṣìmẹ́ńtì rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, wọ́n ń fi tépù wọn ògiri. Bàbá gbọ́ ẹjọ́ fóònù, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìyẹn ló ń dààmú yín? Ẹ ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì kéékèèké mẹ́ta, yóò gba ibẹ̀ dáadáa."

"Rárá, Bàbá," ni Kúlísúmù wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Yóò gba ibẹ̀, yóò sì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì tọ́ọ̀ṣì kì í gba iná. Bí wọ́n bá gbé e sórí ìjókòó yẹn, ó lè bẹ́, aláìsàn ló sì máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Mátírọ́ọ̀nù wò ó. "Ṣé o ti tún irú ẹ̀ ṣe rí?"

"Rárá, mà. Kílípà tí àwọn bábà fi ń gẹ irun ni mo ti ń tún ṣe. Irú bátìrì kan náà ló wà nínú wọn."

Inú bí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà. Kí ló dé tí ọmọ yìí kò lè purọ́ díẹ̀!

Ṣùgbọ́n Mátírọ́ọ̀nù jókòó. Kúlísúmù fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ nǹkan funfun náà kúrò lára irin inú fóònù, ó nù ún gbẹ. Ó tú kílípà tó ti bàjẹ́, ó yan bátìrì mẹ́ta tó ṣì lágbára, ó tò wọ́n ní orí sí ìdí, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn pọ̀ wéré kí ooru má bàa pa wọ́n, ó sì fi túùbù kẹ̀kẹ́ dì wọ́n.

"Tàn án ká gbọ́," ni Bàbá Hàmídù wí.

"Kò tíì jẹun, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó jókòó sórí iná títí di ọ̀la."

Bàbá pòṣé. Oníṣìmẹ́ńtì ká tépù rẹ̀, ó ní òun yóò já ẹrù lọ́la. Mátírọ́ọ̀nù gba nọ́ńbà fóònù ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì gbé tirẹ̀ lọ sílé. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ní, "Kúlísúmù, o ò bá dán an wò fún wọn díẹ̀!"

"Kó kú lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n ní n kò mọ̀ ọ́n ṣe? Iṣẹ́ náà dá mi lójú. N ó dúró."

Èmi ni kò dá lójú. Mo gbàdúrà kí iná má lọ.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́rì ti dúró, àpò ṣìmẹ́ńtì ti ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí fóònù ṣọ́ọ̀bù mi dún. "Èmi Ambrose ni, láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ bá mi pe ẹni tó tún fóònù wa ṣe." Mo fi igbe ta. Kúlísúmù ń dìde lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá Hàmídù já wọlé, ó ní olórí ẹbí ló ń jẹ́ ìpè. Ó gbé e sétí ní ìdorí-kodò. Mo bá a yí i padà.

Ohùn Bàbá Ambrose ga, gbogbo wa ló ń gbọ́. "Ọmọ mi, láti àárọ̀ ni mo ti ń pe àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ ìjọba. Kò kú o! Mo ti júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ fún wọn. Wọ́n ń kó tiwọn bọ̀."

Bàbá Hàmídù gbé fóònù sílẹ̀. Ó jáde lọ bá àwọn tó ń já ẹrù. "Ẹ dá a padà sínú ọkọ̀," ló wí. Ó wá yíjú sí ọmọ àbúrò rẹ̀. "Ọghọ́ Jìbírílù rè é," ló fi èdè Ọ̀wọ̀ wí, pé ọwọ́ bàbá rẹ̀ gan-an nìyí. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́.

Kó tó di ìrun Alásárì, ènìyàn ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bàbá Hàmídù padà wá, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ tí kò rìn mọ́ láti ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ti kú, ó sì gbé e sórí tábìlì.

"Ẹ jókòó, Bàbá," ni Kúlísúmù wí. "Iṣẹ́ àwọn kan ń bẹ níwájú tiyín."

Bàbá sì jókòó.