Ọjọ́ Mẹ́ta tí Lọ́yà Lò Lókè

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí, aṣọ lílọ̀ niṣẹ́ rẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń dúró sídìí tábìlì kan náà ní ilé ìfọṣọ kan náà, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ọ̀tún, ike omi tí wọ́n ń fọ́n sáṣọ lọ́wọ́ òsì, tí ooru á máa gbá a lójú, tí àwọn ṣẹ́ẹ̀tì funfun á máa ga sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aláyọ́ọ̀nù ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kò sí. Ẹni méjì péré ló kù tó ń bá gbélé: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, àti odídẹrẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n yìí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, ohùn rẹ̀ sì le débi pé bó bá ní "Ẹ dákẹ́!" ní kíláàsì tirẹ̀, kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà á panu mọ́. Ẹnìkan tó ń kó lọ sílùú mìíràn ló fi odídẹrẹ́ náà sílẹ̀ fún un nígbà tí ẹyẹ náà ṣì kéré, Tíṣà sì sọ ọ́ ní Lọ́yà, torí kò sí ẹjọ́ tí kì í dá sí. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, Lọ́yà á ní, "Ta nìyẹn? Àbí o ò lẹ́nu ni?" Bí Aláyọ́ọ̀nù bá pẹ́ níbi iṣẹ́, kó tó bọ́ bàtà ni yóò ti gbọ́, "O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀! Ibi wo lo yà sí?" Ohùn Tíṣà gan-an ni, kò yingin. Nígbà kan, ọkùnrin tó wá wo mítà iná dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń bẹ̀bẹ̀, "Ẹ má bínú, mà, wọ́n rán mi ni," kò mọ̀ pé ẹyẹ nìkan ló wà nílé.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Tíṣà. Ó mú un lápá ọ̀tún, ó mú un lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó sì mú un lẹ́nu. Gbogbo ohun tí ènìyàn bá sọ ló ń yé e, ṣùgbọ́n èsì kì í jáde. Á la ẹnu, ọrùn rẹ̀ á le, ojú rẹ̀ á pọ́n, ìmí lásán ló máa jáde. Nínú gbogbo ayé, ibì kan ṣoṣo tí ohùn Tíṣà kù sí ni ẹnu ẹyẹ. Bí Aláyọ́ọ̀nù bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó wẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó fún un lóúnjẹ, yóò fa àga sí iwájú kéèjì, yóò sì jókòó títí Lọ́yà á fi bá a wí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí lèèyàn fẹ́ sọ? Pé ó ń wu òun kí wọ́n máa jágbe mọ́ òun?

Ẹyẹ náà kò gbádùn. Èjìká Tíṣà ló máa ń gùn tẹ́lẹ̀, Tíṣà kò sì lè gbé e mọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìyẹ́ àyà ara rẹ̀ tu, títí àyà rẹ̀ fi rí bíi ti adìyẹ tí wọ́n fẹ́ sè. Dókítà ẹranko yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àárò ló ń ṣe é, kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa mú un jáde nínú kéèjì lójoojúmọ́. Ó wá na ìka sí Aláyọ́ọ̀nù: "Ẹ pa fáànù òkè kẹ́ ẹ tó tú u sílẹ̀. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé. Ẹ má sì fi páànù dúdú wọ̀nyí tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ dáná nínú ilé tí ẹyẹ wà. Bó bá gbóná jù, èéfín tí kò ní í ṣe yín ní nǹkan kan, òun á pa á kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú." Ó tún ní kí wọ́n máa gé ṣóńṣó ìyẹ́ apá rẹ̀ kó má baà lè fò jìnnà.

Tíṣà ló ń gé e tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí Aláyọ́ọ̀nù gbìyànjú rẹ̀, kò tíì fi sísọ́ọ̀sì kan ìyẹ́ tí Lọ́yà fi fi ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kígbe, "Yé! Ó dùn mí o!" Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tún dán an wò mọ́. Ìyẹ́ sì ń hù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí kò lọ síṣẹ́, ó fẹ́ dín ẹyin fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aládùúgbò kan ti fún un ní páànù kan, ó dúdú, ó ń dán, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ ronú. Ó gbé e kaná, fóònù sì dún. Ọ̀gá rẹ̀ ni: níbo ló kó aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì sí? Fóònù kì í gbọ́ dáadáa nínú ilé, ló bá jáde sẹ́yìnkùlé. Ọ̀rọ̀ aṣọ nọ́ọ̀sì di ọ̀rọ̀ aṣọ òtẹ́ẹ̀lì, ti òtẹ́ẹ̀lì di ti bọ́tìnnì tó já. Ìgbà tó fi yíjú padà, èéfín ti ń yọ lójú fèrèsé kíṣìnnì.

Ọ̀rọ̀ dókítà ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ó sáré wọlé. Lọ́yà wà nísàlẹ̀ kéèjì, ó la ẹnu sílẹ̀, ìrù pupa rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe ń wá èémí. Kéèjì kò gba ẹnu ọ̀nà. Ó já táwẹ́ẹ̀lì, ó fi dì í, ó sì gbé e sáré jáde sínú afẹ́fẹ́. Ó tú táwẹ́ẹ̀lì díẹ̀ láti wò ó bóyá ó ṣì wà láàyè.

Ó wà láàyè. Ó gé e níka jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi tú, ó sì fò. Ó fò kọjá ògiri, ó kọjá páànù ilé kejì, ìrù pupa yẹn ń kéré sí i títí ojú kò fi rí i mọ́.

Aláyọ́ọ̀nù ń pariwo orúkọ rẹ̀ nígbà tí nǹkan mìíràn sọ sí i lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú ilé! Nínú yàrá, lórí àga onítáyà, nínú èéfín náà! Ó já wọlé, ó pa iná, ó ti àga náà jáde. Tíṣà ń wúkọ́, ṣùgbọ́n kò fara pa. Ó kàn ń wo àbúrò rẹ̀ ni. Lójú fèrèsé yàrá, ó ti rí gbogbo rẹ̀: ẹyẹ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé.

Láti ìgbà náà, Tíṣà kò jẹun mọ́. Aláyọ́ọ̀nù gbé síbí dé ẹnu rẹ̀, ó pa ẹnu dé. Bóyá torí ẹyẹ tó lọ ni, bóyá torí èyí tó rí ni, ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ kò lè sọ ọ́ fúnni.

Aláyọ́ọ̀nù wá Lọ́yà kiri títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ó ń wojú igi, ó ń wo orí òrùlé, ó ń súfèé títí ètè rẹ̀ fi bó. Àwọn kan bá a kẹ́dùn. Àwọn mìíràn ní, "Ṣebí ẹyẹ lásán ni, ìyá. Ẹ lọ ra òmíràn." Ẹni tí bàtà ta lẹ́sẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń ta á.

Ní ọjọ́ kejì, òjò rọ̀ láti àárọ̀. Aláyọ́ọ̀nù ń ro àyà Lọ́yà tí kò níyẹ̀ẹ́ yẹn nínú òtútù. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ pé òun kò ní lè wá.

Ọ̀gá ní, "Kí ló dé? Ṣé Tíṣà ni?"

"Rárá, sà. Ẹyẹ wọn ló sọnù."

Ọ̀gá ní, "Ẹyẹ? Aṣọ kún ilẹ̀ báyìí, ò ń sọ ẹyẹ fún mi? Bó o bá fẹ́, máa wá ẹyẹ lọ. Ẹlòmíràn á dúró sídìí tábìlì rẹ."

Ó bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò lọ síṣẹ́. Ó ń rìn nínú òjò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ẹ̀ṣọ́ kan tó ti gbọ́ pé ẹyẹ kan sọnù wá a délé. Ọkùnrin náà ń ṣọ́ ọgbà tí òpó fóònù wà, ní òpópónà kẹta sí tiwọn. Ó ní òun nìkan lòun jókòó nínú ọgbà náà láàárọ̀, tí ohùn obìnrin kan sì sọ̀kalẹ̀ látojú ọ̀run: "Ta nìyẹn? Àbí o ò lẹ́nu ni?"

"Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀," ni ẹ̀ṣọ́ náà wí. "Mo ti dé ẹnu géètì kí n tó rí ìrù pupa lókè."

Bó ṣe wí náà ni. Lọ́yà wà lórí irin kan, lókè téńté, ó tutù rinrin, kò ju ìkúùkù lọ lójú ẹni tó wà nílẹ̀. Aláyọ́ọ̀nù pè é. Ó gbé ẹ̀pà sókè. Ẹyẹ náà na ọrùn, ó ń gbẹ́sẹ̀ lọ gbẹ́sẹ̀ bọ̀, kò wá. Aláyọ́ọ̀nù pe dókítà ẹranko lórí fóònù.

Dókítà ní, "Gígòkè kò nira fún un. Sísọ̀ ni kò mọ̀, torí kò fò rí títí di ọjọ́ tó sá lọ. Ta ló fẹ́ràn jù? Ẹ gbé onítọ̀hún wá síbẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó wé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ aṣọ òtútù, ó sì ti àga onítáyà náà gba inú ẹrẹ̀. Táyà ń rì, ó ń fà á yọ. Kò sí ohun tó wọ ẹnu Tíṣà ju omi lọ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, orí rẹ̀ ń mì tìtì bí wọ́n ṣe ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ òpó, Aláyọ́ọ̀nù kò lè gbé e mọ́ra mọ́. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí. Ẹyẹ ni mo kọ́kọ́ gbé, mo mọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ rí mi. Kì í ṣe pé mo gbàgbé yín. Ohùn yín ni mo sáré gbé. Ohùn yín ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kò síbòmíràn tí mo ti lè gbọ́ ọ mọ́."

Tíṣà wò ó títí. Ó wá ká ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kò, ó sì sọ ọ́ mọ́ ọn lágbárí, kó! Bó ti máa ń ṣe nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́mọdé ni. Lẹ́yìn náà ló fi àtẹ́lẹwọ́ pa ibẹ̀. Aláyọ́ọ̀nù bú sẹ́kún.

Tíṣà gbójú sókè. Ọrùn rẹ̀ le, ojú rẹ̀ pọ́n, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Nǹkan kan jáde. "Lọ... lọ..."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti ọdún méjì! Ẹ̀ṣọ́ náà tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ sáré wá. "Mà, ẹ ní kó máa bọ̀! Ẹ má ní kó lọ!"

"Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè," ni Aláyọ́ọ̀nù wí láàárín ẹkún.

Lókè, Lọ́yà dorí kodò. Ó fẹnu gbá irin mú, ó sọ ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó sọ èkejì. Tíṣà tún ní, "Lọ..." Ó tún sọ̀ díẹ̀. Ó ti sọ̀ tó ìdajì nígbà tí òjìji kan kọjá lórí ilẹ̀. Aláyọ́ọ̀nù kò tíì gbójú sókè tó fi mọ̀ pé àṣá ni. Ó pariwo. Àṣá náà ti já bọ́ bí òkò, ó gbá Lọ́yà lápá, ìyẹ́ fọ́n ká, àwọn méjèèjì yí gbirigbiri nínú afẹ́fẹ́. Lọ́yà bọ́ lórí páànù ilé ẹ̀ṣọ́, gbà! Àṣá tún ń yípo bọ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà fò sórí àga tirẹ̀, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó sì jù ú bo ẹyẹ náà mọ́lẹ̀ kí àṣá tó balẹ̀.

Apá òsì kán sí méjì. Dókítà ẹranko tò ó, ó dì í, ó ní ẹyẹ yìí kò ní fò mọ́ láyé. Fún ọjọ́ mẹ́fà ni Aláyọ́ọ̀nù fi ń fi ike kékeré kán oúnjẹ sí i lẹ́nu ní wákàtí méjì-méjì, tí kò mọ̀ bóyá òun á bá a láàyè nígbà tó bá kàn.

Kò kú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sọ ọ̀rọ̀ kan mọ́. Ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń wo ènìyàn. Ẹnu ni kò yà. Dókítà ní ẹ̀rù ló bà á, ó lè padà, ó lè má padà. Oṣù mẹ́rin ti kọjá báyìí.

Ọ̀gá gbà á padà, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti wà nídìí tábìlì. Ibi tí wọ́n ti ń ṣa aṣọ ìdọ̀tí ni wọ́n fi Aláyọ́ọ̀nù sí, níbi tí òórùn ti ń gba ènìyàn nímú, tí ọṣẹ sì ń bó o lọ́wọ́. Nẹ́ẹ̀tì ti wà lójú gbogbo fèrèsé. Páànù dúdú náà ti wọ àkìtàn.

Bó bá dé nírọ̀lẹ́, kì í fa àga síwájú kéèjì mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń jókòó sí. Lọ́yà á wà lórí itan Tíṣà, apá tó kán yẹn á yọ síta, Tíṣà á sì máa fi ìka òsì ra á lórí. Tíṣà ti ń jẹun. Ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kò tíì ju mẹ́ta lọ, kò sì sí èyí tó dún bíi ti àtijọ́ nínú wọn. Wọ́n wúwo, wọ́n ń fà. Nígbà mìíràn, Aláyọ́ọ̀nù á béèrè ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀, á dúró, á dúró títí omi tó gbé kaná á fi hó, kí èsì tó dé. Kò sáré mọ́. Á jókòó, á dojú kọ ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á sì máa retí.