Ọjà Kẹrin Létí Òkun

Ó ti rẹ̀ mí kí a tó gbéra, àárẹ̀ yẹn gan-an ló sì ba gbogbo ètò náà jẹ́. Olùkọ́ ìṣirò ni mí nígbà náà ní ilé-ìwé ìjọ kan ní Adó. Kíláàsì mẹ́ta ni mò ń kọ́, èmi ni mò ń tẹ dùùrù lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi náà ni gbogbo àdúgbò ń kó lẹ́tà wá bá kí n bá wọn kọ. Bí mo bá délé, ẹní ni mo máa ń wá, n kì í béèrè oúnjẹ.

Bàbá mi kò mọ̀wé. Àgbẹ̀ ni, kò sì tíì dàgbà púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń lọ. Nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú òsì, ti ọ̀tún sì ń tẹ̀ lé e. Bí ènìyàn bá dúró sínú oòrùn, tó sún mọ́ ọn, ó ṣì lè dá ojú onítọ̀hún mọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ni obìnrin ẹlẹ́ja àdúgbò wa wọlé. Mùsùlùmí ni, ó máa ń lọ ra ẹja gbígbẹ ní Òkìtìpupa, nígbà mìíràn á tiẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi títí dé etí òkun lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ. Kò tíì jókòó tó fi sọ̀rọ̀.

“Bàbá, mo pàdé ìyá arúgbó kan létí òkun. Ó gbọ́ ohùn ìlú wa lẹ́nu mi bí mo ṣe ń nájà, ló bá dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, ‘Adó ni ùwọ ti wá? Ulé wa ṣì wà níbẹ̀?’ Ilé yín yìí ló dárúkọ.”

Bàbá mi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ìyá arúgbó náà. Nígbà ogun, nígbà tí bàbá mi kò ju ẹni tó lè ru ìkòkò omi kékeré, àwọn ológun ká àwọn méjèèjì mọ́ oko. Ẹ̀gbọ́n yìí da agbọ̀n dé e mọ́lẹ̀ nínú abà, ó sì sáré gba ọ̀nà mìíràn kí wọ́n lè máa lé òun. Wọ́n mú un lẹ́rú. Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti ń gbé ojú rẹ̀ kiri nínú orí.

“Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀,” ó wí, “kí ojú tèmi ó tó fọ́.”

Bí ètò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹlẹ́ja ló la ọ̀nà náà sílẹ̀ fún wa. A ó wọ lọ́rì láti Adó lọ sí Àkúrẹ́, lọ sí Oǹdó, títí dé Òkìtìpupa, a ó fi ẹsẹ̀ rìn dé Ìgbọ́kọ̀dá, a ó sùn níbẹ̀. Ọjà ẹja kan wà létí òkun, ìsán-ìsán ni wọ́n ń ná an. Ọjọ́ ọjà yẹn nìkan ni ọkọ̀ ojú omi máa ń kó èrò lọ ní ìdájí, tí ó sì ń kó wọn padà ní ìrọ̀lẹ́. Láti ibi tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, kò sí ọ̀nà mìíràn dé abúlé ẹ̀gbọ́n bàbá mi àfi orí iyanrìn etí òkun, ó sì jìn tó láti Adó lọ sí Ìyìn, nǹkan bí ìrìn wákàtí méjì. A gbọ́dọ̀ rìn lọ kí a sì rìn bọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ìyá náà kò lè wá pàdé wa, nítorí ẹsẹ̀ ń dùn ún.

Mo kọ ohun tí a ó gbé sínú ìwé: iṣu sísun, ẹ̀pà, aṣọ ìbora, ọ̀pá bàbá mi. Ẹlẹ́ja ní kí n kà á sí òun létí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

“Tíṣà, omi mímu ńkọ́?”

“Ṣé ibi omi kọ́ ni à ń lọ ni?”

“Omi iyọ̀ ni ẹ fẹ́ mu? Ẹ̀yin ará òkè yìí!”

Mo fi kèrègbè omi méjì kún un. Bàbá mi ní tirẹ̀ kò dúró de ìwé. Àràárọ̀ ló ń lọ sí etí odò Ùrèjé, tí ó ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí iyanrìn kí ìrìn iyanrìn lè mọ́ ọn lára. Àwọn tó ń fọṣọ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, “Bàbá, kí ló sọ nù lọ́wọ́ yín?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

Ọjọ́ ni ó kù láti mú. Ẹlẹ́ja sọ ọjọ́ tí wọ́n ná ọjà náà kẹ́yìn, mo sì dìde lọ bá kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri. Ìsán, mẹ́sàn-án ni. Ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ka mẹ́sàn-án, mo fa ilà, mo tún ka mẹ́sàn-án. Ọjà kẹrin bọ́ sí àárín ìsinmi ilé-ìwé gẹ́lẹ́, inú mi dùn. A rán ẹlẹ́ja, tó fẹ́ pẹ́ létí òkun lọ́tẹ̀ yìí, sí ìyá arúgbó pé ní ọjà kẹrin ni kí ó máa retí wa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ilé-ìwé gba ìsinmi, mo nà gbalaja sórí ẹní. Bàbá mi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ọ̀la ni ká lọ.”

“Bàbá, ó ṣì ku ọjọ́ mẹ́fà tí a ó gbéra.”

“Ọkàn mi ń sọ pé ọjọ́ ti pé. Ùwọ ka ọjọ́ tí a dúró lé mọ́ ọn?”

Inú bí mi. Gbogbo sáà ni àwọn ọmọ ti fi ìbéèrè pa mí, bàbá tèmi náà tún dé. Mo ní, “Ó wà lára ògiri, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sinmi.”

Ó kọjú sí ògiri tí kò lè kà. Ó ní, “Ó dára. Ùwé mọ̀ jù mí lọ.” Ó jáde, mo sì sùn. Ọjọ́ mẹ́fà yẹn, oorun ni mo fi púpọ̀ nínú rẹ̀ sùn.

Nígbà tí a dé Ìgbọ́kọ̀dá, eruku lọ́rì ti bo wá lórí, ẹsẹ̀ bàbá mi ti wú. Ọlọ́kọ̀ kan jókòó létí omi, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo bi í pé ìgbà wo ni a ó gbéra ní ìdájí ọ̀la.

“Ọ̀la kẹ̀? Ọ̀la ni ọjà á pé ọjọ́ mẹ́rin tí a ti ná an. Ó di ọjọ́ mẹ́rin sí i.”

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ yé mi lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí a wà lórí rẹ̀ ni àwọn baba wa fi ń ṣe ọ̀kan. Ọjọ́ ọjà ni ọ̀kan, ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀sán. Ọjọ́ mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe mẹ́sàn-án. Inú ọjà ni ìyá mi ti tọ́ mi dàgbà, mo mọ èyí kí n tó mọ ABD. Ilé-ìwé ti gbà á lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fi ọ̀kan lé e, ọjọ́ mẹ́rin náà nìyẹn.

Ọjọ́ kejì ni mo gbọ́dọ̀ yíjú padà, nítorí alábòójútó ilé-ìwé ti pe gbogbo olùkọ́ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Bàbá mi ní òun á dúró, ṣùgbọ́n ta ni n bá fi í sílẹ̀ fún pẹ̀lú ojú yẹn? Mo lè kọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà. N kò kọ̀ ọ́. Bàbá mi kò bá mi wí, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ kó gbá mi létí.

Ẹlẹ́ja ló ròyìn ìyókù fún wa. Ní ọjà kẹrin, ìyá arúgbó náà wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé àpótí òun síta kí òun kọjú sí ọ̀nà iyanrìn. Ó jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, oúnjẹ tó ní kí wọ́n sè tutù sínú ìkòkò. Lọ́jọ́ yẹn, orí ẹní ni mo wà ní Adó.

Ìsinmi Kérésì ni a tó lè padà lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ni bàbá mi fi ka ọjọ́ lọ́tẹ̀ yìí, a kò sì ṣì í. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, a ń rìn lórí iyanrìn, òkun ń hó lọ́wọ́ ọ̀tún wa.

“Ó fẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ?”

“Ó fẹ̀, Bàbá. N kò rí òpin rẹ̀.”

“Àwọ̀ wo ni?”

“Bí aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ po.”

Ó yí ojú sí ibi tí ìró omi ti ń wá, a ń rìn lọ.

Ìyá náà wà lórí àpótí níwájú ilé. Bàbá mi kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e lójú, ó ń fi wọ́n wá ojú náà díẹ̀díẹ̀, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Wọ́n sunkún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ni ìyá nu ojú.

“Mo jókòó dè ọ́ ní ọjà kẹrin ọjọ́sí. Kí ló dé?”

Mo la ẹnu. Bàbá mi yára jù mí lọ.

“Èmi ni mo ṣi ọjọ́ kà.”

“Ùwọ? Ọmọ rẹ tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ńkọ́? Kí ló dé tí o kò ní kó bá ọ kà á?”

“Ó rẹ̀ ẹ́ ni,” bàbá mi wí. “N kò fẹ́ jí i lójú oorun.”