Aáyán Inú Ọkọ̀ Sójà Mi

Ọjọ́ tí mo gbé ọkọ̀ sójà tí mo fi páálí ṣe láti Ìkirè lọ síbi ìdíje iṣẹ́ ọwọ́ ní Àpòmù kò lè kúrò lọ́kàn mi. Mo gé sílípáàsì ṣe táyà rẹ̀, mo fi ẹ̀kọ tó ki lẹ páálí pọ̀, mo sì kó àwọn ọmọlangidi sójà mi sínú rẹ̀.

Màmá tó ń ṣe adájọ́ ní, "Ṣí i, ká wo inú." Bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, aáyán ya jáde! Wọ́n ti ń jẹ ẹ̀kọ náà. Ọ̀kan kó sí mi lọ́rùn, òórùn ẹ̀kọ tó ti kan gba gbogbo ibẹ̀, mo sì bì sórí tábìlì.

Màmá nu ẹnu mi, wọ́n ní, "Tìẹ ló dáa jù, àmọ́ mi ò lè sún mọ́ ọn."

Ẹlòmíràn ló gbẹ̀bùn. Ìríra ò jẹ́ kí n ráyè sunkún.