Eunice tí Wọ́n Sin Láìkú

Gbogbo Erijiyan ló gbọ́ pé Eunice ti kú, pé ìdí kòkó bàbá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Àwọn kan tilẹ̀ ní omijé àwọn tó sunkún rẹ̀ ló mú odò kún tó gbé ewúrẹ́ méjì lọ.

Eunice alára wà ní Ilogbo nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń jẹ iyán, nígbà tí Rodiyat aláta gbé ìròyìn náà dé.

"Mọ̀mí, òkú ń bu òkèlè ràgàjì báyìí?"

"Ta ló pa mí?"

"Yínká awakọ̀ ni. Ó ní ẹjọ́ yín ti bá yín wọ sàréè."

Inú Eunice hó bí ẹmu ọ̀sán. Yínká yìí ló mu ẹmu títí tí ọkọ̀ rẹ̀ pàápàá fi ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó sì fi kọlù ú níbi tó ti ń yí kòkó tó sá sétí títì. Yínká sá lọ sí oko kan lọ́nà Ẹ̀fọ̀n. Ọdún yípo, ìlú jẹ iṣu tuntun tán, ló bá jáde, ó ń yan bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

"Ìjà èṣí kì í bá ni jẹ uṣu tuntun," ló ń wí kiri. "Ẹjọ́ mi ti tán." Àfi bí ẹni pé ìjọba náà bá wọn fi epo jẹ níbẹ̀! Ọlọ́pàá mú un, wọ́n gba onídùúró rẹ̀ di ọjọ́ ẹjọ́, ló bá ń sọ kiri pé Eunice ti kú.

Eunice gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, ó béèrè bóyá ẹjọ́ náà ti gbó lóòótọ́. Sájẹ́ǹtì Rasheed rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹni tó bá fẹ́ gba owó gbà-máà-bínú ni òfin ń dá ìgbà fún. Ẹjọ́ ọ̀daràn bí irú èyí kì í gbó. Ẹ̀rí ló ń gbó. Òórùn ọtí ti lọ kí a tó rí i mú. Ẹ̀yin nìkan lẹ rí i tó ń bì sórí kòkó. Bí ẹ ò bá wá jẹ́rìí, ó lọ nìyẹn."

Lọ́jọ́ ẹjọ́ ní Aramoko, lọ́yà Yínká dìde: "Olúwa mi, ẹlẹ́rìí wọn ti kú." Yínká dorí kodò bí ọlọ́fọ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀pá méjì ń dún gbọ̀ngbọ̀n bọ̀.

"Yínká ọ̀mùtí, ẹ ń lẹ́ o!" Eunice ká aṣọ sókè. Ẹsẹ̀ kan ló wà níbẹ̀. "Adájọ́, ẹ bá mi tún un kọ. Wọ́n sin nǹkan sídìí kòkó bàbá mi lóòótọ́. Ẹsẹ̀ mi ni. Ẹnu mi ò bá a lọ."