Orúkọ Ọ̀gá Lójú Ẹ̀rọ

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin kan ti fi ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti máa fi àṣẹ ránṣẹ́ sí i lókè lọ́hùn-ún: yí síhìn-ín, tan kámẹ́rà, sinmi. Ìyá Sátẹ́láìtì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ kò sí oṣù tí obìnrin náà kì í lọ kí i.

Nígbà tí wọ́n gba obìnrin kan láti máa dáàbò bo àwọn ẹ̀rọ wọn, òfin tuntun dé: ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́, ìbáà jẹ́ ọ̀gá pátápátá. Kí ó tó gba àṣẹ èyíkéyìí, ó máa wádìí ẹni tó fi í ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà tó ti wá, àti bóyá iṣẹ́ ẹni náà ni. Inú bí Ìyá Sátẹ́láìtì. Ó ní ṣé wọ́n ti wá sọ òun dolè ni. Nílé, ọkọ ẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó ní bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó kọ́kọ́ dárúkọ bàbá ẹ̀ kóun tó ṣílẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan níbi iṣẹ́, Ìyá Sátẹ́láìtì ń mu tíì lọ́wọ́ nígbà tí iná pupa tàn lójú kọ̀ǹpútà. Àṣẹ kan wọlé, ẹ̀rọ sì dá a dúró. Àṣẹ náà ní kí sátẹ́láìtì jó gbogbo epo inú ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó tún lè darí ẹ̀ mọ́ láé. Ó wo orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Orúkọ ọ̀gá ẹ̀ ni.

Ó fẹ́ gbé ife sílẹ̀, kò tiẹ̀ rí tábìlì. Tíì dà sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lára.

"Àṣìṣe ni," ó wí fún obìnrin aláàbò. "Mo mọ ẹni yìí bí mo ṣe mọ bàbá tó bí mi."

"Orúkọ wọn lẹ rí, mà," ni ìyẹn fèsì. "Ẹ ò tíì rí ojú wọn."

Ó pe ọ̀gá lórí fóònù. Ẹ̀yìnkùlé ni bàbá arúgbó náà wà, ó ń bomi rin ẹ̀fọ́. Ó ní kọ̀ǹpútà òun àtijọ́ ti wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ibẹ̀ ni olè kan ti rí ọ̀rọ̀ àṣírí tí bàbá fi ń wọlé, èyí tí ẹnikẹ́ni ò rántí pa rẹ́ látọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́.

Ohun tó já Ìyá Sátẹ́láìtì láyà jù ni pé ká ní ọwọ́ òun ni àṣẹ náà bọ́ sí, òun ì bá tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀.

Ọlọ́pàá mú olè náà lọ́sẹ̀ kejì. Níbi iṣẹ́, wọ́n ní kí wọ́n yọ orúkọ ọ̀gá kúrò nínú ẹ̀rọ, Ìyá Sátẹ́láìtì sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kóun fúnra òun lọ sọ fún un. Nígbà tí bàbá gbọ́ ọ, ó gbójú sókè.

"Ṣé sátẹ́láìtì wa ṣì wà lókè?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Yọ orúkọ mi," ni bàbá wí. "Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá fẹ̀yìn tì, má kúrò níbẹ̀ tí wọn ò bá tíì yọ tìẹ."